Ẹni Tó Wọlé Gbẹ̀yìn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, mo jókòó lé aṣọ oníbàárà.

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ìyáálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ agbẹ̀bí, fi ọdún mọ́kànlá ṣe, ẹ̀kọ́ méjìlélọ́gọ́ta lórí fídíò, gbogbo rẹ̀ lédè wa. Àwọn fẹ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ náà ti kọ̀wé sí àwọn pé òun àti Ìyáálé ni àwọn jọ ṣe é, pé níwọ̀n ìgbà tí Ìyáálé kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun parí ẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ òun sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ náà lódindi lọ́wọ́, kó gbé e wá kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù ní Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje.

Jọ ṣe! Ṣíọ̀! Èmi ni mo fi àgékù aṣọ rán ọmọlangidi tí Ìyáálé fi ń ṣàlàyé bí orí ọmọ ṣe ń yọ. Èmi ni mo ń di fìtílà mú tí apá mi fi ń ro mí. Mi ò rí Ọ̀gá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ gbé Ìyáálé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n jọ lulẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò jí mọ́. Ìyáálé jí, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún kò gbé, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara. Ohun tó kù fún wa ni fílásì mẹ́fà tó pín fún wa lọ́dún tó kọjá pé kí kálukú bá òun tọ́jú tirẹ̀. Mo ra ìwé yìí lónìí láti máa kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo gbé fílásì tèmi lọ bá Dókítà. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, kì í ṣe ènìyàn. Ògiri kan ló là wá láàárín. Ó tì í bọ ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Màmá, eléyìí kì í ṣe nǹkan kan fúnra ẹ̀. Wọ́n gé odindi nǹkan sí wẹ́wẹ́ ni. Fílásì báyìí kì í gba ẹyọ fáìlì tó bá tóbi jù. Ta ló wà níwájú, ta ló tẹ̀ lé e?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọn ò kọ nọ́ńbà sí i?"

"Orúkọ wa ló kọ sí i. Èyí tó fún mi ń jẹ́ aranso, nítorí pé aránṣọ ni mí. Ti ọkọ mi ń jẹ́ awako."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó rín in tán. Ọjọ́ tí Ìyáálé pín in, èmi náà bi í léèrè nọ́ńbà, ó sì pòṣé sí mi: "Nọ́ńbà kẹ̀? Ta ni ò mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú ilé yìí?" Ojú rẹ̀ ni kí n máa bá a jiyàn?

Dókítà ní wọ́n ṣeé so pọ̀ láti ojú dúdú, ibi tí kò sí àwòrán kankan, tó jẹ́ pé àṣẹ lásán lèèyàn ń kọ. Òun á bá mi ṣe é tí òun bá ráyè lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó kọ́ mi, mi ò ní oṣù tó ń bọ̀. Ó wo irun funfun orí mi. Mo ní irun kọ́ ló ń tẹ bọ́tìnnì. Ó ní ṣòkòtò òun mẹ́ta ló ya ní orókún. Mo ní kó kó wọn wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Gbogbo wa pé sílé Akọ̀wé. Ọkọ Ìyáálé ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tó fi ayé rẹ̀ bá ènìyàn kọ lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì. Etí rẹ̀ ti di báyìí. Fílásì tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn kan náà pẹ̀lú awò ìkàwé. Ó bọ́ ọ fún mi kíá. "Gbà, Aránṣọ. Mo ti ń rò ó pé nǹkan etí ni."

Ọkọ mi fún mi ní tirẹ̀. Ti Ìyáálé wà nínú àpótí rẹ̀, nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà gígùn kan tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bí ó bá pé, èyí ni yóò sọ." Mo máa bi Dókítà.

Ìbàdíàrán, àbúrò Akọ̀wé obìnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ta sìmẹ́ńtì, ní tòun wà ní ṣọ́ọ̀bù, òun á wá a. "Àmọ́ ìyàwó, aṣọ mi yẹn ńkọ́, èyí tí ìdí ẹ̀ ní ìṣẹ́po mẹ́fà?" Orúkọ tí Ìyáálé fún un láti ọjọ́ tó ti wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ló kó sí i lórí báyìí. Ẹni tí wọ́n ń kì ní Ìbàdíàrán láti kékeré, ṣé yóò wọ aṣọ lásán?

Awẹ́lẹ́wà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyáálé bí, dé gbẹ̀yìn gbogbo wa, ó jókòó, kò gbójú kúrò lára fóònù. Mi ò tíì fìdí lélẹ̀ tó fi ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn." Òun ló dé lẹ́yìn mi o! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ Awakọ̀, èmi ni mo ń ti ilẹ̀kùn yẹn, nítorí èmi ni ìyàwó kékeré. Mo ti pọn ọmọ yìí rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi wá gbé lọ́dọ̀ Ìyáálé, kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ṣègbéyàwó ló di ọkọ mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní "ẹ". Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn.

Ó ní òun ò tíì mọ ibi tí òun fi fílásì sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Owó tí mo fi ń ra òwú mẹ́ta, méjì ni wọ́n fún mi. Mo ní ṣé òwú náà ti di oúnjẹ ni? Aṣọ Ìbàdíàrán ku ọrùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀kọ́ mi àkọ́kọ́. Dókítà gé lẹ́tà kan sí ọ̀nà méjìlá, ó fi nọ́ńbà pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 12. Ó kọ́ mi ní *cat*, àṣẹ tó ń so wọ́n pọ̀, àti àmì yìí, >, tó ń tọ́ka sí ibi tí ohun tí a so máa bọ́ sí. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohunkóhun tó bá wà níbi tí àmì yẹn dojú kọ máa parẹ́, tuntun á wá gba ipò ẹ̀. Kò ní bi yín léèrè o." Mo ní mo gbọ́.

Ó tún kọ́ mi ní àmì ìràwọ̀, tí kì í jẹ́ kéèyàn máa kọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi ìràwọ̀ so ó. Lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, ó fò wọnú ìdágbére, ó tún padà wá bèèrè àlàáfíà. Nọ́ńbà 10, 11 àti 12 ni kọ̀ǹpútà mú tẹ̀ lé 1, kó tó wá rántí 2. Orí nọ́ńbà nìkan ló ń wò. Kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Ọmọ tí ò nílé!

Mo bá kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 12, lẹ́tà náà sì jókòó dáadáa. Inú mi dùn ju ìgbà tí mo kọ́kọ́ rán kọ́là lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìbàdíàrán gba aṣọ, mo gba fílásì. Inú agolo tó ń kó kọ́kọ́rọ́ sí ló wà, sìmẹ́ńtì ti kún ẹnu rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ fún wákàtí kan gbáko.

Márùn-ún ti pé. Dókítà bá mi kó wọn sínú kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó yá mi, ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ti Akọ̀wé nìkan ló ní àmì orí tó ń wà níbẹ̀rẹ̀ fáìlì, àwọn tó kù kò ní orí. Akọ̀wé ló ṣíwájú nìyẹn. Ó tún ṣàlàyé ìlà gígùn yẹn: tí mo bá so wọ́n tán, àṣẹ kan wà tí mo máa kọ, kọ̀ǹpútà á sì pe ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tirẹ̀ jáde. Bó bá bá ti Ìyáálé mu, kò sí àléébù. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mo dá fílásì kálukú padà fún un. Ohun olóhun ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ya òmùgọ̀. Mo fẹ́ dán mẹ́ta àkọ́kọ́ wò, mo kánjú, mo fi àmì yẹn síwájú awako dípò ẹ̀yìn rẹ̀. Kò bi mí léèrè lóòótọ́. Fáìlì ọkọ mi pòórá, Akọ̀wé àti Ìbàdíàrán wá gba ilé rẹ̀. Ọkọ mi sì ti kó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn láàárọ̀ àná, òun àti fílásì rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí òní ló ń bọ̀.

Dókítà ní, "Mo kúkú sọ fún yín." Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n tú ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Òjò. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá. Mo kọ àṣẹ yẹn sí ẹ̀yìn bébà ìgéṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ọwọ́ mi lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ bá Awẹ́lẹ́wà nílé rẹ̀. Fílásì wà lórí tábìlì, lójú mi kòrókòró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì omi.

"Mi ò ní fún yín, ìyàwó wa. Màmá ti ṣe tó. Ọdún mọ́kànlá! Bí mo bá pè wọ́n, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí mo bímọ, ẹ̀kọ́ kẹtàlélógún ni wọ́n ń yà, ọ̀la ni wọ́n tó wá. Iṣẹ́ yẹn ló gbé wọn ṣubú. Ọ̀gá ní òun á parí ẹ̀, òun á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níparí fídíò."

"Ọ̀gá á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn? Ṣé àlejò tó bá a gbálẹ̀ ni wọ́n?"

"Ẹ má jágbe mọ́ mi nílé mi."

"Mo ti nu ìdí ẹ rí, má sọ fún mi pé kí n má jágbe!" Ó bọ́ lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀, láìsí "ẹ". Ó ní bí ìyàwó ilé ṣe ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀ nìyẹn báyìí? Mo gbé báàgì mi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mú fílásì yẹn sá lọ, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi.

Ó dùn mí. Ohun tó sọ nípa ìbímọ rẹ̀, òótọ́ ni. Èmi ni mo di fìtílà lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ kẹtàlélógún yẹn, mi ò sì sọ fún Ìyáálé pé kó dìde máa lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Awakọ̀ dé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìgbà tó dá. Kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi gba fílásì. Ó ní, "O ò kí mi?" Mo kí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo wà lọ́dọ̀ Ìyáálé, mo ń wọn ọ́n fún aṣọ tó lè fi ọwọ́ kan wọ̀, tó ṣí láti èjìká ọ̀tún délẹ̀. Awẹ́lẹ́wà wà níbẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ kúùrọ̀lẹ́ lọ. Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ìwé kan àti tàdáà ìtẹ̀ka.

"Ìyàwó, ẹ bá mi bu omi."

"Omi wà nínú ìkòkò, sà. Ife wà lórí ẹ̀."

Ó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ó ní ohun kékeré ni, kí Màmá ṣáà fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́, kí ìgbìmọ̀ lè mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ó mú ọwọ́ Ìyáálé. Ìyáálé wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó fi àtàǹpàkò sínú, ó di ìka mẹ́rin mọ́ ọn. Ọ̀gá fẹ́ máa rọra tú u. Àfi bíi pé iná ràn mí lára.

"Ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀."

"Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

"Èmi náà, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Aṣọ ni mò ń gé, àmọ́ tí ìwé bá bọ́ sáàárín, àlùmọ́gàjí mi ò mọ ìyàtọ̀."

Mo ṣí àlùmọ́gàjí. Mo pa á dé. Ọ̀gá fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó sọ pé òun á fẹjọ́ mi sun ìgbìmọ̀, pé ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe oúnjẹ òòjọ́ fẹ́ máa bá òun du ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ sọ fún wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ó jáde.

Kò rántí mú ìwé rẹ̀. Awẹ́lẹ́wà gbé e, ó kà á, ó yí i padà, ó tún kà á. Ó ní, "Orúkọ Màmá ò sí níbí. Orúkọ òun nìkan ló wà, àti ibi tí wọ́n máa tẹ̀ka sí." Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. Ìyáálé ò tíì tú ìkúùkù rẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Awẹ́lẹ́wà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀. Ó gbé fílásì lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìyàwó wa, ẹ máà jẹ́ kí Ọ̀gá jẹ ẹ́ gbé." Mo ní kò ní jẹ ẹ́ gbé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Mẹ́fà pé. Akọ̀wé ló ṣíwájú, ìyẹn dájú. Mo fi Ìyáálé tẹ̀ lé e, nítorí ọkọ àti aya ni wọ́n. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ogójì ìṣẹ́jú kó tó so wọ́n tán, kó sì pe ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta jáde. Kò jọ ti Ìyáálé rárá, láti orí ẹyọ àkọ́kọ́.

Mo wá rántí pé Ìyáálé kì í gba ìyẹn láé. Bí ọkọ mi bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyáálé fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ, "ọkọ mi" ló máa ń pè é kó tó ṣubú, ó ní òun bá a nílé ni. Ọkọ mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ìyáálé wọlé, agolo ló ń wà kiri àgbàlá bí ọkọ̀, níbẹ̀ ló ti di Awakọ̀. Àwọn ọmọ ilé ló máa ṣíwájú ìyàwó nígbà náà. Mo tún un kọ:

cat akowe ibadiaran awako iyaale awelewa aranso > odindi

Ogójì ìṣẹ́jú mìíràn. Awẹ́lẹ́wà ń lọ, ó ń bọ̀. Kò bá a mu. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ṣí i bẹ́ẹ̀ náà, ó kọ̀, ó ní ó ti bàjẹ́.

"Ẹ ti bà á jẹ́," Awẹ́lẹ́wà wí. "Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Èmi ni mo mọ ilé yìí," mo dá a lóhùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Dókítà ní kí n jẹ́ kí òun wo bí wọ́n ṣe tóbi tó. Àṣẹ kékeré kan ni, ó to gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Márùn-ún dọ́gba géérégé. Ọ̀kan kéré, kò tó ìdajì àwọn tó kù. Awelewa ni.

"Màmá, báwo lẹ ṣe ń gé aṣọ?" Dókítà bi mí.

Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Bí èèyàn bá ń gé ọ̀pá mẹ́rin mẹ́rin lára ìdì aṣọ, èyí tó bá kẹ́yìn ni kì í pé. Àgékù. Awẹ́lẹ́wà ló kẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí ju àná lọ. Èmi wá dà? Ibo ni wọ́n fi mí sí? Èmi ni ìyàwó kékeré. Ọmọ ilé ni Awẹ́lẹ́wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, òun ló gbé òdòdó níwájú mi. Kò sí bí mo ṣe lè ṣíwájú rẹ̀ nínú ilé yẹn. Dókítà ní kí n ṣáà máa ti ara mi bọ gbogbo àlàfo títí ó fi máa bọ́ sí i. Ó rọrùn fún un láti sọ. Mi ò fẹ́ ti ara mi bọ ibì kankan. Mo fẹ́ mọ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Ìyáálé. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀. Mo ní, "Ìyáálé, a ti to gbogbo ilé. Awẹ́lẹ́wà ló kẹ́yìn. Ibo lẹ fi mí sí?"

Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. Ojú yẹn kan náà tó fi wò mí lọ́jọ́ nọ́ńbà. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ó gbé e dúró níbi tí orí ọmọ kékeré máa dé, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tọ́ka sí mi. Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Ó wá fi ìka méjì rìn lórí itan rẹ̀, láti orókún wá sí ikùn, bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń wọlé.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn ti ń ka ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Èmi náà ń bá wọn kà á. Ìyáálé kò kà á rí. Ọjọ́ tí mo gbé àpò mi wọlé, tí ó fún mi ní omi ìwẹ̀ àti ẹní tèmi, ọjọ́ yẹn ló kọ mí sílẹ̀, ọdún méjì kó tó bí ọmọ tirẹ̀. Mo gbé orí lé itan rẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Ó fi ọwọ́ òsì yẹn gbá mi lórí, lẹ́ẹ̀mejì, pé kí n dìde lọ ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

cat akowe ibadiaran awako iyaale aranso awelewa > odindi

Awẹ́lẹ́wà wà níbẹ̀. Ó rí ibi tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó la ẹnu, mo ní, "Ẹ lọ bi ìyá yín." Ó pa á dé.

Ogójì ìṣẹ́jú. Ìlà náà jáde. Awẹ́lẹ́wà gbé ìwé Ìyáálé dání, ó ń pè é lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi abẹ́rẹ́ tọ́ka lójú kọ̀ǹpútà. Ní ogójì, a ò tíì rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹyọ kẹrìnlélọ́gọ́ta: méje. Méje ló wà níbẹ̀! Mo pariwo tí ará ìsàlẹ̀ fi rò pé olè ni. Dókítà da kọfí sórí ṣòkòtò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ fún un.

Ó ṣí. Ẹ̀kọ́ méjìlélọ́gọ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tó yà á. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, mo sì kọ nọ́ńbà sí i gàdàgbà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Mo fi ike wé kọ̀ǹpútà bí ọmọ ọwọ́. Akọ̀wé ní òun á tẹ̀ lé mi, ó wọ kóòtù tó fi ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú la dé.

Ọ̀gá ti wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjìlá ló mú wá, èyí tí Ìyáálé yá a lò nígbà kan. Ó ní èyí tó kù ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun ń tún un ṣe. Mo ṣí kọ̀ǹpútà síwájú obìnrin tó ń gba ìwé. Mo ní kó mú nọ́ńbà èyíkéyìí láti ọ̀kan dé méjìlélọ́gọ́ta. Ó ní kẹtàdínlógójì. Ìyáálé jáde, ọmọlangidi mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a wí pé kò fẹ́ yọ èjìká. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbòjò rẹ̀.

"Orúkọ ta ni kí n kọ?" obìnrin náà bi mí.

"Orúkọ ẹni tí ẹ ń wò yẹn. Òun nìkan."

Akọ̀wé, tí kì í gbọ́ nǹkan kan, gbọ́ ìyẹn. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán. Wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí ìgbà. Mo fi sáyà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Gbogbo wa pé sílé Akọ̀wé láti wò ó. Ìbàdíàrán wọ aṣọ oníṣẹ́po mẹ́fà. Awakọ̀ gbé kọ̀ǹpútà lé orí àga. Ìyáálé wà láàárín, nínú aṣọ tuntun rẹ̀, mo fi àga tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Awẹ́lẹ́wà pẹ́ dé, bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó jókòó síbi tó bá ṣófo.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ìyáálé jáde, irun rẹ̀ ṣì dúdú, ohùn rẹ̀ ń dún gaara bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wo ojú wa, ó ní:

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn, kó bá wa ti ilẹ̀kùn, ẹni tó ń rọbí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta."

A wo ilẹ̀kùn. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìbàdíàrán yíjú sí mi, ọkọ mi náà yíjú sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mi ò mira. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyáálé fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú.

Awẹ́lẹ́wà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.